Ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì tuntun: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwòrán ni kí ẹ wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí tó àwọn ayàwòrán Àjàṣẹ́ tó ń ra lẹ́ǹsì tuntun ní Kútonu létí. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé lẹ́ǹsì sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti wá eruku. Eruku kan tàbí méjì nínú lẹ́ǹsì kì í hàn nínú àwòrán rárá. Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni dígí inú tí wọn kò tò gún nílé iṣẹ́. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ péré, igun kan àwòrán á máa ṣe bàìbàì, ojú lásán kò sì lè rí i lára lẹ́ǹsì.

Ojú ewé ìwé ìròyìn márùn-ún tó láti fi dán an wò. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri tó tẹ́jú, kí mẹ́rin bọ́ sí igun àwòrán: 1 àti 2 lókè, láti òsì sí ọ̀tún, 3 àti 4 nísàlẹ̀ bákan náà, 5 láàárín. Fún lẹ́ǹsì 50mm lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ fẹ̀ tó 36mm), bí ẹ bá dúró sí mítà 3, ibi tó máa hàn á fẹ̀ tó mítà 2 ó lé díẹ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí bí kámẹ́rà kò bá kọjú sí ògiri gbọnrangandan, igun kan á ṣe bàìbàì láìjẹ́ ẹ̀bi lẹ́ǹsì. Ẹ lẹ dígí ìwojú kékeré mọ́ ewé 5, kí ẹ máa sún kámẹ́rà títí òjìji lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ fi bọ́ sáàárín gbùngbùn, kí ẹ tó yọ dígí náà.

Ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì tán, f/1.8 bó bá dé ibẹ̀ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó), kí ISO, ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, jẹ́ 100, kí ẹ lo aago ìṣẹ́jú àáyá 2 kí ọwọ́ má bàa mì í. Ẹ fi fókọ́ọ̀sì lé ewé 5, ẹ yà á, lẹ́yìn náà ẹ fi lé igun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa yà á. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ṣe bàìbàì díẹ̀ nígbà tí àárín mọ́, ìyẹn kì í ṣe àléébù. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì nìyẹn. Àmọ́ bí ewé 2 nìkan bá burú, ẹ fura.

Ẹ wá dorí kámẹ́rà kodò, ẹ tún un tò, ẹ tún un yà. Bí bàìbàì bá fi 2 sílẹ̀ lọ bá 3, inú lẹ́ǹsì tàbí kámẹ́rà ló wà. Bó bá dúró sórí 2, ìtò yín ni kò gún. Ẹ fi lẹ́ǹsì mìíràn dán kámẹ́rà wò kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bó bá jẹ́ lẹ́ǹsì súúmù, bíi 24-70mm, ẹ ṣe é ní 24, 50 àti 70, torí ó lè dára níbẹ̀rẹ̀ kó bàjẹ́ lópin.

Ẹ má gba àwòrán tí ọlọ́jà yà lójú oòrùn ní ẹ̀rí. Nínú oòrùn, kámẹ́rà lè fúnra rẹ̀ dín ojú lẹ́ǹsì kù sí f/8 tàbí f/11, àléébù á sì fara pa mọ́. Òru Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, níbi tí iná kò pọ̀, ló máa ń wá hàn lójú àwọn tó dúró létí àwòrán, nígbà tí ọjọ́ ìdápadà ti kọjá.

Kí olùrà ní kí wọ́n kọ iye ọjọ́ ìdápadà sórí ìwé owó kó tó sanwó. Bó bá ń dá a padà, kó mú àwòrán méjèèjì dání, ti ìdúró àti ti ìdoríkodò, kó má sì fọwọ́ kan ìdè (súkúrù) kankan lára lẹ́ǹsì náà.

Ayàwòrán kan,
Àjàṣẹ́.