Ẹ̀sùn lórí bí ẹ ṣe kọ̀ láti sanwó àyẹ̀wò àìrọ́mọbí

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́. Àwa nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ láàbù tó wà lábẹ́ ètò ìlera yín ló kọ ìwé yìí. Ẹ kọ̀ láti fún àwọn tọkọtaya tó wà lára wa ní kóòdù àyẹ̀wò (nọ́ńbà ìyọ̀ǹda tó fi hàn pé ẹ ó sanwó), ẹ ní àìrọ́mọbí kì í ṣe àìsàn. A kò gbà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé pè é ní àìsàn ẹ̀yà ara ìbímọ, tọkùnrin tobìnrin: kí oyún má dúró lẹ́yìn oṣù 12 tí tọkọtaya ti ń bára wọn lò pọ̀ déédéé láìlo ohun ìdènà. Nínú ICD-10, ìwé tí Àjọ náà fi ń fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, N97 ni ti obìnrin, N46 ni ti ọkùnrin. Kóòdù ICD yìí náà lẹ ń bèèrè lórí gbogbo fọ́ọ̀mù tí ilé ìwòsàn bá fi ránṣẹ́ sí yín. Àìsàn la pè é o, a ò pe ẹnikẹ́ni ní àgàn.

Èyí tó dùn wá jù ni pé ẹ ń sanwó oògùn bí àtọ̀sí tàbí chlamydia (àrùn míì tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni) bá wọ ilé ọmọ. Bí kòkòrò yẹn bá wá dá àpá sínú tíúbù, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, tí tíúbù dí, ẹ ní kò kàn yín mọ́. Àrùn kan náà ni.

Àyẹ̀wò tíúbù, HSG, kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lọ́jọ́kọ́jọ́. Tí nǹkan oṣù bá ti dá, tí ẹyin kò tíì já, bí ọjọ́ 6 sí 10 sí ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i, la ń ṣe é, kó má bàa bá oyún níbẹ̀. A ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ da oògùn tó ń hàn lábẹ́ X-ray gba ẹnu ilé ọmọ wọlé. Bó bá tú sínú ikùn lápá méjèèjì, ọ̀nà là. Bó bá dúró, ó ṣeé ṣe kó ti dí (ìsúnkì lásán náà lè dá a dúró, ìdí nìyí tí a fi ń rọra ṣe é). Kóòdù tó bá dé lọ́jọ́ 15 ti di ti oṣù tó ń bọ̀.

Fọ́ọ̀mù yín kò tilẹ̀ ní àyè fún ọkọ. Àyẹ̀wò àtọ̀ rọrùn ju HSG lọ: kó yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7, kí àtọ̀ dé láàbù láàárín wákàtí kan. Bó bá pẹ́ tàbí tó tutù, sípáàmù tó ń rìn á dínkù, èsì á sì ṣini lọ́nà.

A kò ní kí ẹ sanwó IVF (pípa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní láàbù) lónìí. Ìyẹn lówó lórí, a lè jọ jókòó sọ ọ́ nígbà tí àdéhùn bá fẹ́ di ọ̀tun. Ohun tí a ń bèèrè ni kí ẹ sanwó àyẹ̀wò tọkọtaya àti ìtọ́jú ohun tó bá fà á, kí kóòdù HSG ṣeé lò fún oṣù méjì, kí obìnrin tó ti pé ọdún 35 má sì dúró ju oṣù 6 lọ kó tó ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ fún wa lésì lórí ìwé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 14. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó gbé e lọ sí NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ètò ìbánigbófò ìlera, tí òfin ọdún 2022 fún láṣẹ lórí àwọn HMO, ìyẹn àwọn ilé-iṣẹ́ ètò ìlera bíi tiyín.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera tó wà lábẹ́ ètò yín