Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwa tá a máa ń kọ́kọ́ débẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Búrẹ́dì ni mò ń tà ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, lápá Ṣágámù, ohun tójú mi ti rí níbẹ̀ ò ṣeé kà tán. Tí mọ́tò bá gbókìtì, kí road safety tó dé, àwa la máa ń sáré débẹ̀, àwa ọlọ́jà, ọlọ́kadà, agbèrò, a ò sì mọ nǹkan kan nípa bá a ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa. Ẹnì kan á gbá apá mú, ẹlòmíì á gbá ẹsẹ̀ mú, wọ́n á wọ́ ọ jáde bí àpò gaàrí, ọrùn tí ò tíì kán á wá kán. Ẹlòmíì á máa fi pure water sí ẹni tó ti dákú lẹ́nu, omi yẹn á wá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Èmi náà ti ṣe é rí, mi ò ní purọ́.

Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa dá wa dúró lẹ́yìn ìsìn. Ó ní tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ká fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gan-an, ká má máa ṣí i wò. Ẹni tó dákú àmọ́ tó ń mí, ká fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀. Ẹni tí ò mí mọ́, ká pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, ká máa tẹ àárín àyà ẹ̀ kó wọlé tó ìnṣì 2, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ìrọ̀rí la fi kọ́ ọ, èmi tí mò ń ru àtẹ búrẹ́dì látàárọ̀, kò tó ìṣẹ́jú 2 tó fi rẹ̀ mí, ó ní ìdí nìyẹn tá a fi gbọ́dọ̀ máa gbà á lọ́wọ́ ara wa.

Ẹ má rò pé àwa ará ìta nìkan ni ò mọ̀ ọ́n o. Òfin ìlera 2014 ní kí ọsibítù kankan má kọ aláìsàn pàjáwìrì, ó dáa, àmọ́ tí wọ́n bá gbà á wọlé tán tẹ́ni tó wà ní dúútì ò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ ṣe ńkọ́? Láti 2018 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti Red Cross ti gbé kọ́ọ̀sì kan jáde fún irú ọsibítù kéékèèké bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Àwa náà, wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọlọ́kadà lójoojúmọ́, kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó yẹn fi kọ́ wa. Mẹ́rin nínú àwọn ọlọ́kadà ti ní kí n bá àwọn bẹ nọ́ọ̀sì yẹn, ó ti gbà, Sátidé ló fi sí. Ibi tá a máa lò là ń wá báyìí.

Èmi ni,
Ìyá Oníbúrẹ́dì, Ṣágámù