Òru ni a fi ń mọ họ́sípíìsì tó dáa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwa nọ́ọ̀sì tí a ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́ ni a kọ lẹ́tà yìí. Bí ìwé ìròyìn bá ń sọ̀rọ̀ họ́sípíìsì, ìyẹn ìtọ́jú tí a ń fún ẹni tó ń sún mọ́ òpin ayé rẹ̀, ilé ni wọ́n sábà máa ń ròyìn: iye yàrá, iye bẹ́ẹ̀dì, òdòdó tó wà níwájú ìta. Ẹbí tó ń wá ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ìyá tàbí bàbá wọn á ka ìròyìn náà tán, wọn kò sì ní mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè. Ilé tó rẹwà kò burú, ṣùgbọ́n ìrora kì í wo ọ̀dà ara ògiri kó tó dé.

Iṣẹ́ ni họ́sípíìsì, kì í ṣe ilé. Inú yàrá tí aláìsàn ti ń sùn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti lè ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà Cicely Saunders, tó dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní London ní ọdún 1967, ló kọ́ wa pé ìrora ẹni tó ń lọ kì í ṣe ti ara nìkan: ti ọkàn wà níbẹ̀, ti ẹbí àti owó wà níbẹ̀, ti ìgbàgbọ́ ẹni náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń wẹ aláìsàn, ẹni tó ń bá ẹbí rí sí ọ̀rọ̀ ìwé àti owó, àti olórí ẹ̀sìn tí aláìsàn bá fẹ́, jọ wà nídìí iṣẹ́ náà. Níbi tí ẹ kò bá ti gbúròó dókítà lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ìwé, ẹ fura.

Ìbéèrè tí a máa kọ́kọ́ fi lé ẹbí lọ́wọ́ ni èyí: bí ìrora bá dé ní aago méjì òru, ta ni yóò gbé fóònù? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "a wà fún yín nígbà gbogbo" dá yín lóhùn. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ béèrè bóyá nọ́ọ̀sì tó lè ṣí ìwé aláìsàn wò ni yóò dáhùn, àbí ẹni tó kàn ń gba iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹ béèrè iye ìṣẹ́jú tí nọ́ọ̀sì yóò fi pè padà, kí ẹ sì béèrè bóyá ó lè wá sílé lóru yẹn tàbí ó di àárọ̀. Lójú tiwa, bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá láìsí ìdáhùn, ó ti pẹ́ jù fún ẹni tó ń joró. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ fúnra yín pe nọ́ńbà náà lóru ọjọ́ Sátidé, kí ẹ gbọ́ ohùn tí yóò dáhùn. Họ́sípíìsì tó mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú.

Ẹni tó gbé fóònù lóru kò sì lè ṣe púpọ̀ bí kò bá sí oògùn nínú ilé. Nígbà tí ara aláìsàn bá ti ń dín kù lójoojúmọ́, ó yẹ kí oògùn mẹ́rin ti wà nípamọ́ nílé: mọ́fíìnì fún ìrora àti èémí tó há, midazolam fún àìbalẹ̀ ara àti gìrì, haloperidol fún èébì àti ọkàn tó dàrú, àti hyoscine fún itọ́ tó ń hó lọ́fun. Orúkọ oògùn lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gbọ́dọ̀ ní oògùn tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó sọ ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tí a ó lò ó àti ẹni tí a ó pè kí a tó lò ó. Bí wọ́n bá ní "ìgbà tó bá dé la ó kọ oògùn fún yín", ẹ̀yin lẹ ó máa kan ilẹ̀kùn ilé oògùn kiri ní òru.

Mọ́fíìnì ni a ó dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni a ti ń rí ẹni tó mọṣẹ́ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ pé ẹnu ni kí a máa gbà lo oògùn ìrora níwọ̀n ìgbà tí aláìsàn bá ṣì lè gbé e mì, pé aago ni kí a máa tẹ̀lé, kì í ṣe kí a dúró dìgbà tí ó bá ké. Mọ́fíìnì olómi tí a ń mu kì í pẹ́ ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ lára. Nítorí náà, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń fún aláìsàn. Bó bá jẹ́ mílígíráàmù 10 ni lẹ́ẹ̀kan, 60 ló ń gbà lóòjọ́ yẹn. Àfikún tí a ó fún un bí ìrora bá já wọlé láàárín méjì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà àpapọ̀ ọjọ́ náà, ìyẹn 10. Tó bá ń gba àfikún ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lóòjọ́, apá oògùn kò ká ìrora mọ́, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ tún ìṣirò ṣe. Ẹni tí kò lo irú oògùn yìí rí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 2.5 sí 5 lẹ́ẹ̀kan. Bí kíndìnrín bá ti ń ṣàárẹ̀, ìdọ̀tí mọ́fíìnì máa ń kó jọ sínú ara: aláìsàn á máa sùn ṣáá, iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fò. Nọ́ọ̀sì tó bá rí i tó ní "àìsàn ló ń le sí i", tí kò pe dókítà, kò mọ ohun tó ń wò. A kò kọ àwọn iye yìí kí ẹnikẹ́ni fi wọn oògùn fúnra rẹ̀ o. A kọ wọ́n kí ẹ lè bi wọ́n pé, "Báwo lẹ ṣe ń ṣírò àfikún?" kí ẹ sì mọ ìdáhùn tó tọ́ bí ẹ bá gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tí mọ́fíìnì bá bẹ̀rẹ̀ ni oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Èébì tí mọ́fíìnì ń fà sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ara kì í mọ́ra pẹ̀lú àìrígbẹ́yà tó ń fà. Ọjọ́ mẹ́ta á kọjá, inú á wú, oúnjẹ kò ní wọlé mọ́, ọkàn aláìsàn á dàrú, ẹbí á sì rò pé òpin ló dé, nígbà tó jẹ́ ìgbẹ́ ló sé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ họ́sípíìsì bóyá wọ́n ń kọ ọjọ́ tí aláìsàn yàgbẹ́ gbẹ̀yìn sílẹ̀. Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ó máa ń tú àṣírí ibi tí ìtọ́jú ti mẹ́hẹ.

Bí aláìsàn kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń lo bátìrì, tó ń rọra ti oògùn sí abẹ́ awọ fún wákàtí 24. Ibi tí ẹ̀rọ náà kò bá sí, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ tí a ń fún un ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin lè ṣe iṣẹ́ náà. Ìwọ̀n a máa yí padà: mọ́fíìnì 60 tí à ń mu lóòjọ́ máa ń di nǹkan bíi 30 lábẹ́ awọ. Ẹ béèrè ẹni tó ń pààrọ̀ oògùn inú ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìrora aláìsàn yín hàn yín. Ìwé tó péye ní àyè fún ọjọ́, aago, oògùn, ìwọ̀n, ìrora kí ó tó lò ó, ìrora lẹ́yìn tó lò ó, àti orúkọ ẹni tó fún un. Láti 0 dé 10 ni a fi ń wọn ìrora. Bó bá ti dé 4, ó yẹ kí ẹnìkan ṣe nǹkan sí i. Àyè "lẹ́yìn" ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ẹ bá rí "aago 10, ìrora 8, mọ́fíìnì 10", tí àyè tó kàn sì ṣófo, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn oògùn ẹnu ló yẹ kí wọ́n padà béèrè, torí ìgbà yẹn ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ jù. Bí àkọsílẹ̀ odindi ọ̀sẹ̀ bá sì jẹ́ bíírò kan náà, ọwọ́ kan náà, 0 láti òkè délẹ̀, ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ náà ń rora. Nǹkan márùn-ún ni a fi ń mọ̀ ọ́n: bó ṣe ń mí, ìkérora rẹ̀, bójú rẹ̀ ṣe rí, bí ara rẹ̀ ṣe le tàbí bó ṣe ń ta gìrọ́gìrọ́, àti bóyá ó ṣeé rẹ̀ lẹ́kún. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "kò sọ pé ó ń dun òun" kò tíì kọ́ṣẹ́ náà délé.

Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí kì í parọ́. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì ni a ń yí i, àyàfi bí yíyí bá ń dùn ún ju egbò lọ. Ẹ wo egungun ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, egungun èjìká àti etí. Ojú ibi tó bá pupa, tí pupa náà kò sì lọ bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, egbò ti ń bọ̀ níbẹ̀. Lára ẹni dúdú, pupa yẹn kì í sábà hàn. Ẹ fọwọ́ kàn án: bó bá gbóná ju àyíká rẹ̀, bó bá le tàbí bó bá rọ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣú ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró kí awọ bó. Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ètè tó là àti nǹkan funfun lórí ahọ́n sábà máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tàbí aṣọ tútù kan ẹnu náà láti àná. Aláìsàn lè ní ara tó rẹ̀wẹ̀sì kí ìtọ́jú ṣì dára, àwọn egbò kan sì wà tí kò ṣeé dá dúró lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹnu ìdọ̀tí kò ní àwáwí.

Ní wákàtí ìgbẹ̀yìn, itọ́ lè máa hó lọ́fun. Ó máa ń dẹ́rù ba ẹbí ju bó ṣe ń dun aláìsàn lọ. Kí wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Hyoscine kì í gbẹ itọ́ tó ti wà nílẹ̀, èyí tó ń bọ̀ ló ń dín kù, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n fi falẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ti rọ́bà bọ ọ̀fun rẹ̀ léraléra, àti ẹni tó ń fipá fún un lóúnjẹ: ara tó ń lọ kì í fẹ́ oúnjẹ mọ́, èyí tí a bá fipá rọ sí i lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Họ́sípíìsì tó dáa á ti jókòó ti ẹbí ṣàlàyé èyí ṣáájú.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú ohun tí ìjọba fi ń wọn họ́sípíìsì ni bóyá nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ní ó kéré tán ọjọ́ méjì nínú ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ayé aláìsàn. Ìwọ̀n tó ṣeé gbára lé ni, ẹ sì lè béèrè rẹ̀ níbikíbi. Ẹ béèrè iye aláìsàn tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan. Bó bá ti ju 15 lọ, ìbẹ̀wò á di ìkíni. Ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹbí lẹ́yìn ìsìnkú, àti fún oṣù mélòó.

Bí họ́sípíìsì bá já yín kulẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ pè àti èsì tí wọ́n fún yín sílẹ̀, kí ẹ sì bá olórí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó pinnu. Bí ẹ bá fẹ́ lọ síbòmíràn, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kúrò kí nọ́ọ̀sì tuntun tó wá rí aláìsàn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé oògùn àti mọ́fíìnì tí yóò tó o di ọjọ́ mélòó kan. Mọ́fíìnì tó dúró lójijì máa ń dá òógùn, ìgbẹ́ gbuuru àti àìfararọ sílẹ̀ lára ẹni tó ti mọ́ lára, ìrora náà fúnra rẹ̀ á sì padà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn nọ́ọ̀sì ìtọ́jú họ́sípíìsì