Kí a tó dá ráífù àtijọ́ lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ìwé ìròyìn yín gbé jáde lórí ìbọn ọdẹ, nínú èyí tí òǹkọ̀wé náà ti gba ẹni tó bá jogún ráífù àtijọ́ nímọ̀ràn pé, bí ìbọn náà bá ti ń tàsé, kí ó tètè pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ tàbí kí ó tà á, nítorí pé ogbó ti dé sí i. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láti ta ko ìmọ̀ràn yẹn. Ọ̀pọ̀ ráífù tí wọ́n ń dá lẹ́bi báyìí ni kò ní àléébù kankan; ọta tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ ni kò bá ọ̀pá rẹ̀ mu, ẹni tó ni ín kò sì mọ ohun tó yẹ kó bèèrè nígbà tó lọ ra kátíríìjì, ìyẹn ọta pẹ̀lú ìkarahun idẹ àti ẹ̀tù rẹ̀.

Nínú ọ̀pá ráífù ni àwọn ilà kan wà tó ń lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu, àwọn ló sì ń mú kí ọta máa pòòyì bó ti ń jáde lọ. Bí òkòtó tí a kò ta dáadáa ṣe máa ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ọta tí kò pòòyì tó ṣe ń fì nínú afẹ́fẹ́, tí yóò sì yà kúrò lọ́nà. Bí ọta bá ṣe gùn sí ni ìlọ́ ilà náà gbọ́dọ̀ ṣe yá sí. George Greenhill, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ láti ọdún 1879. Níwọ̀n bí ọta tó wúwo ti sábà máa ń gùn ju èyí tó fúyẹ́ lọ nígbà tí ìbú wọn bá dọ́gba, ẹni tó ń wá ọta tó wúwo jù lọ, pẹ̀lú èrò pé òun ni yóò pa ẹran jù, lè máa ra ohun tí ìbọn rẹ̀ kò lè darí.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé yín mọ̀. Ní ọdún 1955, ilé iṣẹ́ Remington gbé kátíríìjì .244 Remington jáde, ilà inú ọ̀pá ìbọn tí wọ́n ṣe fún un sì ń yípo lẹ́ẹ̀kan nínú íńṣì 12. Ìlọ́ yìí tó fún ọta tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíréènì 90 lọ (gíréènì ni òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ìwúwo ọta), ṣùgbọ́n ó lọ́ra jù fún ọ̀pọ̀ ọta gígùn oní gíréènì 100 tí àwọn ọdẹ fẹ́ fi pa àgbọ̀nrín. Ní ọdún 1963, ilé iṣẹ́ náà yí orúkọ rẹ̀ padà sí 6mm Remington, wọ́n sì mú ìlọ́ náà yá sí íńṣì 9. Kátíríìjì náà kò yí padà, nítorí náà ó ń wọ inú ìbọn àkọ́kọ́ láìsí wàhálà. Ẹni tó jogún ìbọn àkọ́kọ́ yìí, tó wá ra ọta gíréènì 100, yóò rí i pé ọta ń fọ́n káàkiri, yóò sì gbà pé ìbọn ti bàjẹ́. Bí ó bá ra ọta gíréènì 80, ó lè yà á lẹ́nu.

Kò ṣòro láti mọ ìlọ́ ọ̀pá. Lẹ́yìn tí a bá ti rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, a ó wé aṣọ tó há dáadáa mọ́ orí irin ìnubọn tó lè yí fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, a ó sàmì sí ara irin náà, a ó sì máa tì í wọlé títí àmì náà yóò fi yípo lẹ́ẹ̀kan pátápátá. Iye íńṣì tí irin fi wọlé láàárín ìgbà náà ni ìlọ́ rẹ̀. Bí a bá sì yìnbọn sí páálí, tí ihò rẹ̀ gùn dípò kó rí róbótó, ọta náà ti ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé; kò pòòyì tó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣáájú ọ̀rọ̀ ìfojúsùn, ó sì dùn mí pé àpilẹ̀kọ yín kò mẹ́nu kàn án. Kì í ṣe gbogbo kátíríìjì tó bá wọlé ló yẹ kí a yìn. Ọta tí àwọn ará Jámánì ń lò nínú ìbọn wọn ti ọdún 1888 fẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì 0.318, ní ọdún 1905 ni wọ́n yí i sí 0.323, bẹ́ẹ̀ ìkarahun idẹ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́tà S inú 8x57 IS, tí í ṣe orúkọ kátíríìjì Jámánì náà, ló ń fi èyí tó fẹ̀ hàn. Ẹni tó bá yìn ín nínú ọ̀pá tó há ń fi ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ wewu, nítorí náà kí alágbẹ̀dẹ ìbọn kọ́kọ́ wọn inú ọ̀pá náà. Bákan náà, nínú ráífù tí kátíríìjì ti ń tò tẹ̀léra nínú páìpù lábẹ́ ọ̀pá, irú Winchester ti ọdún 1894, ọta tí orí rẹ̀ tẹ́ ni a gbọ́dọ̀ lò, nítorí pé orí ṣóńṣó líle lè gún kápù, ìyẹn ohun kékeré ìdí kátíríìjì tó ń tan iná sí ẹ̀tù, ti èyí tó wà níwájú rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá tapa. Kìkì èyí tí wọ́n fi ohun rírọ̀ ṣe orí rẹ̀ nítorí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú òfin yìí.

Ní ti ìpata, ọ̀pọ̀ ọ̀pá àtijọ́ ni kápù kátíríìjì ológun ayé ọjọ́un bà jẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí. Kẹ́míkà tó wà nínú kápù náà máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ yìí a sì máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Epo kì í fọ iyọ̀. Omi gbígbóná ló ń fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni a ó nù ún gbẹ, tí a ó sì fi epo pa á. Ẹni tó bá ń ra irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ ṣe èyí lọ́jọ́ tó yìnbọn gan-an.

Kí a tó dán ìbọn wò, kí súkúrù tó so irin mọ́ igi ìbọn le dáadáa, àti èyí tó di awò ìfojúsùn mú. Kí igi tó ti wú má ṣe máa ti ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí a wo ẹnu ọ̀pá bóyá ó ti bà jẹ́, kí a sì fọ bàbà tí ọta fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni kí a ra oríṣi ọta mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀, kí a gbé ìbọn lé ohun tó dúró ṣinṣin, kí a yin márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mítà 100, kí a sì jẹ́ kí ọ̀pá tutù láàárín wọn. Ọta ọdẹ tó ń fẹ̀ nínú ẹran ni kí a fi dán an wò, kì í ṣe ti ìdíje, kì í sì í ṣe ti ológun tí bàbà bo gbogbo orí rẹ̀, nítorí pé ìyẹn lè gba inú ẹran kọjá kí ẹran náà sì lọ jẹ̀rora nínú igbó. Mo ka ìyẹn sí ohun tó burú ju kí ọdẹ padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀pá kan wà tí ilà inú wọn ti jẹ tán, wọn kò sì ní ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló ń fi ìyẹn hàn, kì í ṣe ọjọ́ orí. Mo rọ̀ yín, Olóòtú, kí ẹ tẹ ọ̀nà tí a fi ń wọn ìlọ́ ọ̀pá yìí jáde níbi tí àpilẹ̀kọ náà ti jáde, kí ẹni tó ti ń wá oníbàárà fún ìbọn bàbá rẹ̀ lè kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọdẹ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín