Ẹ̀yin Ọmọ Òṣogbo, Yàrá Kejì Ṣì Ń Wojú Wa

Ẹ̀yin ọmọ Òròkí Àsàlà nílé lóko, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábújá àti lókè òkun, a kí yín, a kú ìnáwó, a kú ìrọ́jú.

A ò ní tún máa ròyìn bí ọ̀rọ̀ yàrá ìbẹ̀wò méjì ní ọ́fíìsì wẹ́fíà, níbi tí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ti ń rí òbí tó bí i, ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la jókòó lọ́jọ́ tí a ṣèlérí owó àtúnṣe wọn, a jẹ, a mu, a ya fọ́tò. Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí la fẹ́ sọ.

Yàrá àkọ́kọ́ ti parí. Àwọn ọ̀dọ́ wa fi Sátidé mẹ́rin kùn ún, ẹnikẹ́ni ò fún wọn ní kọ́bọ̀. Àwọn ìyá wa l'Ọ́jà Ọba ló kó ẹní wá. Ìyá aláró kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun fún wa ní àdìrẹ tí a fi ṣe kọ́tìnì, ó ní kí a má dárúkọ òun. Àga kéékèèké wà níbẹ̀, tábìlì tí kò ga ju orúnkún àgbà lọ, apẹ̀rẹ̀ ìwé àti bọ́ọ̀lù méjì. Ẹni tó bá wọbẹ̀ á mọ̀ pé wọ́n ń retí ọmọdé.

Yàrá kejì ńkọ́? Kò ní ilẹ̀kùn. Sílìn ò tíì sí. Fáìlì àtijọ́ kún igun kan, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tó ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wà ní igun kejì. Inú ibẹ̀ ni àwọn wẹ́fíà ṣì ń mú òbí àtọmọ jókòó bí ìdílé méjì bá dé lọ́jọ́ kan náà.

Lóṣù tó kọjá, ojú akọ̀wé yín ló ṣe. Ìyá kan wá láti Ìlobùú, ó gbé mọ́ínmọ́ín eléwé lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ò tíì pé ọdún mẹ́rin. Wọ́n fi ìyá sí ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì ọ́fíìsì bí ẹni tó wá gba fọ́ọ̀mù, wọ́n fi ọmọ sí òdìkejì. Àgbọ̀n ọmọ ló kan etí tábìlì, kò ríran rí ìyá ẹ̀ dáadáa. Ló bá yọ́ bọ́ sábẹ́ tábìlì, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣí ewé mọ́ínmọ́ín díẹ̀díẹ̀, ó ń fi oríkì pe ọmọ ẹ̀. Nígbà tí ọmọ máa fi jáde, nínú wákàtí kan tí wọ́n fún wọn, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, yàrá àkọ́kọ́ ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kí a tó yọjú, ìyá ti wà lórí ẹní, ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lù ú lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ òrukàn o. Òbí wọn wà láyé: àìsàn dá òmíràn dúbúlẹ̀, òmíràn wà lẹ́wọ̀n, ilé ẹlòmíràn ló dàrú. Ọ̀pọ̀ ló ṣì lè padà sílé bí okùn tó so wọ́n mọ́ òbí ò bá já. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ire ọmọ ni kó ṣáájú. Àdéhùn àgbáyé ti 1989 sì ní ọmọ tí a yà kúrò lọ́dọ̀ òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí wọn déédéé. Òfin ò sọ irú àga tí wọ́n máa jókòó lé. Àwa la sọ pé a máa rà á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, torí a ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ lórí WhatsApp. A ra ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, òótọ́ ni. Òjò gba orí páànù tó ti jẹrà wọlé, ó fọ ògiri dànù kí ọ̀dà tó gbẹ. Wọ́n ní ó yẹ ká ti mọ̀. Ó yẹ lóòótọ́, àmọ́ a ò rí ẹni tó bá wa gbé àkàbà lọ́jọ́ náà. Owó ọkọ̀ ₦4,500 tí ẹnì kan ń pariwo, ogún ẹní ló kó láti Ọjà Ọba. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kó rù ú? Ti owó kànga ẹ̀rọ àtijọ́ tí ẹ tún ń béèrè, ìgbìmọ̀ tó ṣáájú wa ló ná owó yẹn, kànga náà ṣì ń pọn omi, ẹ lọ wò ó. Gbogbo rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò. Látìgbà tí a ti ń kéde pé kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni méjì péré ló wá, ọ̀kan nínú wọn sì wá gba nǹkan mìíràn ni.

Èèyàn 64 ló ṣèlérí. Àwọn 27 ti san pé, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Àwọn 11 san díẹ̀, wọ́n ní ìyókù ń bọ̀. Àwọn 26 ò tíì san kọ́bọ̀. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa tí onílù kì títí tó fi dìde lẹ́ẹ̀kejì, tó fi owó kún owó, tí a sì pàtẹ́wọ́ fún, a ń fi ọ̀wọ̀ bi yín: ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ẹ̀ka kan lókè òkun fi fídíò ijó ránṣẹ́, ijó náà dára. Ìyá ẹlẹ́kọ kan l'Ókè-Baálẹ̀ tó ṣèlérí ₦2,000, ọjọ́ kejì ló gbé e wá, ó dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú ṣẹ́ńjì. Bí ìyá yẹn bá bi wá pé ibo la bá iṣẹ́ dé, kí la máa sọ?

Àwọn aládùúgbò ń wò wá. Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀ ní 1934, nígbà tí owó ò pọ̀ lóde báyìí. Àwọn Ìjẹ̀ṣà yìí kan náà la máa ń fi òṣómàáló ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọ́n á lóṣòó ní ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Òní rèé, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ Òṣogbo ló lóṣòó, ní ẹnu ọ̀nà ọmọ Òṣogbo! Àwa tí UNESCO ka Igbó Ọ̀ṣun wa mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, àwa tí aráyé ń wá tọrọ ọmọ lọ́dọ̀ odò wa, tí Ìbàdàn ti lé Ìlọrin sẹ́yìn lẹ́nu odi wa ní nǹkan bí 1840. Ilẹ̀kùn kan àti sílìn ló wá fẹ́ bà wá lójú jẹ́? Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, kò sẹ́ni tí ẹ̀sìn ẹ̀ ní kó ṣèlérí fọ́mọ kó má mú un ṣẹ.

Owó tó kù jẹ́ ₦780,000: ilẹ̀kùn, sílìn, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, àga ọmọdé, fáànù kan. Àkáǹtì ẹgbẹ́ ò yí padà, nọ́mbà rẹ̀ wà lẹ́yìn káàdì yín. Ẹ kọ orúkọ yín àti "YÀRÁ KEJÌ" sí i, ẹ fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí akápò. Ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ kó wá ní Sátidé, búrọ́ọ̀ṣì pọ̀.

A fẹ́ parí rẹ̀ kí wọ́n tó tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún ti ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, nígbà tí ẹ̀yin ará ọ̀nà jíjìn bá wálé. Kápẹ́ńtà ti gé igi ilẹ̀kùn, ó gbé e ti ògiri ìsọ̀ ẹ̀ l'Álẹ́kúwodò. Ó ní òun ò ní gbé e kúrò níbẹ̀ àfi bí òun bá rí ìdajì owó. Lánàá, nígbà tí a débẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ti ń sá aṣọ lé e.

Akọ̀wé Àgbà, lórúkọ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ
Òṣogbo