Ẹ Jẹ́ Kọ́mọ Iṣẹ́ Náà Sọ Tiẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín lórí ìpàdé àwa oníṣẹ́ ọwọ́, tèmi ni pé tá a bá ń wá ojútùú sí ìṣòro, ká jẹ́ kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ da èrò wọn sílẹ̀, ká tó máa ṣa èyí tó dáa. Alex Osborn ará Amẹ́ríkà tó sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má tíì bẹnu àtẹ́ lu èrò ẹlòmíì, òótọ́ sì ni, torí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wa, tí ò bá ti sí iná mànàmáná, áyọ́ọ̀nù eléèédú la máa ń lò, iná wá ń ta sára léèsì kọ́sítọ́mà, àwa àgbà ronú títí, àfi ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù tó ní ká máa fẹ́ èédú dáadáa níta ká tó kó o sínú áyọ́ọ̀nù, ká sì tẹ́ àǹkárá tútù lé aṣọ. Kò jó mọ́ o! Ká ní bíi tẹ́lẹ̀ ni, à bá ti ní kó panu mọ́.

Télọ̀, Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́