Kẹ̀kẹ́ Mẹ́fà, Màlúù Méjìlá

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ṣí lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni ń há sórí. Númérì orí 7, ẹsẹ 1 sí 9 ni. Orí náà gùn dé ẹsẹ 89, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa máa ń fò ó tí a bá ti rí i pé àwo fàdákà kan náà ni wọ́n ń kà léraléra. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fò ó. Lọ́jọ́ tí Mósè gbé àgọ́ ró tán, àwọn olórí ẹ̀yà Ísírẹ́lì mú kẹ̀kẹ́ ẹrù 6 àti akọ màlúù 12 wá síwájú Olúwa. Olórí méjì ló da ọwọ́ pọ̀ mú kẹ̀kẹ́ kan wá. Màlúù nìkan ni kálukú dá mú wá.

Mósè kò pín in lọ́gbọọgba fún ìdílé mẹ́ta ẹ̀yà Léfì tó ń ru àgọ́. Àwọn ọmọ Gerṣoni, tó ń ru aṣọ àgọ́ àti aṣọ ìkélé, gba kẹ̀kẹ́ 2. Àwọn ọmọ Merari gba 4, nítorí àwọn ló ni pákó 48, ọ̀pá ìdábùú, òpó, àti àwọn ihò-ìtẹ̀bọ̀ fàdákà tí pákó ń dúró lé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn tálẹ́ńtì kan. Ìyẹn ju kílò 30 lọ. Àwọn ọmọ Kohati kò gba ẹyọ kan, torí èjìká ni Ọlọ́run ní kí wọ́n fi ru ohun mímọ́. Ẹrù ni Mósè wò, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé láti Sátidé tó ń bọ̀, àgbàlá ẹ̀yìn ilé-ìjọsìn wa yóò di ibi ìkọ́ṣẹ́. A fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kan ọmọlanke tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere.

Ojú wa ló ṣe láti May 29, 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 ti tó nǹkan bí ₦500 kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọlọ́kadà náà sì gbé owó tirẹ̀ lé e. Ìyá tó bá gbé gàrí lọ sí ọjà Wazo, owó ọkọ̀ á ti jẹ èrè kó tó pàtẹ. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 kan, kílò 25 ni lórí ọmọbìnrin tó gbé e, a kò tíì ka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ Raleigh tí bàbá fi ń lọ sóko ṣì wà lára ògiri nínú agbo ilé púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, adìyẹ ló ń sùn lórí rẹ̀.

Àwọn wẹ́dà àtàwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe inú ìjọ ti bá mi jókòó. Ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ àlòkù ni wọ́n fẹ́, nítorí kò ní ṣéènì. Irin gbọ́dọ̀ di ẹsẹ̀ náà mú lọ́tùn-ún lósì. Áàsù kẹ̀kẹ́, irin tó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, tín-ín-rín; bí a bá dì í mú lápá kan ṣoṣo, ẹrù á tẹ̀ ẹ́. Ìsàlẹ̀, nídìí áàsù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ni wọ́n ń so ọ̀pá ọmọlanke mọ́. Tí ẹ bá so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó, ẹrù lè fa ẹni tó gùn ún ṣubú níbi tó bá ti ń yà. Ẹ di ẹrù kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bó bá tẹ̀ sẹ́yìn, á máa gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, táyà kò sì ní di ilẹ̀ mú mọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká irin lè fi ọparun ṣe pẹpẹ rẹ̀; ó fúyẹ́, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n kí bíréèkì kẹ̀kẹ́ pé, nítorí ọmọlanke kò ní tirẹ̀, ẹrù ló sì máa ń ti èèyàn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín nínú Ékísódù 35:34. Ọlọ́run kò fún Besaleli àti Oholiabu, àwọn tó darí iṣẹ́ kíkọ́ àgọ́ náà, ní ọgbọ́n iṣẹ́ nìkan, ó tún fi í sí wọn lọ́kàn láti kọ́ ẹlòmíràn. A mọ̀ bí ọ̀gá ṣe ń fi ibi kọ́lọ́fín iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà di iná wẹ́dà mú.

Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ní iṣẹ́ aláàárù ni ọmọlanke, kò yẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yà Léfì, tí Ọlọ́run yà sọ́tọ̀, ló ń tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ẹrù la aginjù kọjá.

Ní ti pínpín, ilé méjì ni yóò máa jùmọ̀ ní ọ̀kan, bíi ti àwọn olórí ọjọ́ sí. Àwọn opó tó ń pọnmi àtàwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ni yóò kọ́kọ́ gbà, yálà wọ́n ń bá wa jọ́sìn tàbí mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń lọ. Orúkọ alàgbà kankan kò sí lókè ìwé orúkọ àwọn tí yóò gbà, tèmi náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àlòkù, páìpù tàbí bóòtù nílé, kó gbé e wá kí ọjọ́ Ẹtì tó rọ̀. Ríìmù tó wọ́ a ó gbà, wọ́n á tún un nà. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ tán, ẹ fi sílé.

Èmi ni ìránṣẹ́ yín nínú Kristi,
Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ